Tọ́rọ́ Tí Ìyá Mi Ń Dá

Bí ẹ bá pàdé obìnrin kan ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú láti èékánná títí dé ìgúnpá, ẹ kò ní bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Aláró ni. Bí ọwọ́ ìyá mi ti rí nìyẹn títí ọlọ́jọ́ fi dé, kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́. Ní ẹ̀yìnkùlé wa, ìkòkò aró méje ló fara ti ara bí àwọn àgbà tó ń gbẹ́jọ́; èlú tí a gún, tí a ṣù, tí a sá sóòrùn wà lórí àtẹ, eérú tí a ń sẹ́ omi rẹ̀ wà nínú ìkòkò tí a lu nídìí, láfún tí a kò ní fi ro àmàlà bí kò ṣe pé a fẹ́ fi ya iṣẹ́ sára aṣọ wà nínú igbá, ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n fi ń yà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aṣọ funfun tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù Òyìnbó wà ní ìdì, èyí tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú aró ń kán tó-tó-tó lórí okùn, á kọ́kọ́ dà bí àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, á di dúdú lójú wa. Òórùn aró yẹn, ẹni tí wọn kò bí sídìí rẹ̀ á fọwọ́ bo imú. Èmi, bí mo bá gbóòórùn rẹ̀ lónìí, ọkàn mi á padà sílé kíá.

Ẹni ọdún 87 ni mí báyìí, ọ̀pọ̀ nǹkan ló sì ti kúrò lórí mi. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kò kúrò. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni àwọn aláró àdúgbò wa máa ń pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, obìnrin bí ọgbọ̀n. Ẹni tó gbé àpótí wá á gbé e kalẹ̀, ẹni tó mú ẹní wá á tẹ́ ẹ, ẹni tí ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀ á tú u sílẹ̀ kó mọmú. Igbá kan á wá máa yí ká. Tọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan ni olúkúlùkù ń jù sínú rẹ̀, a ó sì gbọ́ kó ró, nítorí pé wọn kì í rọra ki owó bọ igbá. Ẹni tó jókòó tì ọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ìró tìrẹ. Ẹni tí kò bá ní á sọ pé òun kò ní, wọn á sì wádìí ohun tó fà á. Bí àìsàn ni, wọn á lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìkòkò rẹ̀ ló bàjẹ́ tí kò mú àwọ̀ wá mọ́, wọn á yá a ní èlú. Owó yẹn ni wọ́n fi ń sin òkú ara wọn, òun ni wọ́n fi ń gba ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ akódà, òun náà ni wọ́n ná nígbà tí ọ̀rọ̀ kọjá ti àdúgbò tó di ti ìlú.

Kò sí ẹni tó mọ̀wé nínú ọgbọ̀n obìnrin yẹn. Èmi ni akọ̀wé wọn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo ti wà nílé-ẹ̀kọ́, wọ́n ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan, wọ́n fà á lé mi lọ́wọ́. Ìyá ẹgbẹ́ á pe orúkọ, èmi á kọ ọ́. Á ní ẹni yìí ti san, èmi á fa igi kan. Á ní ti tọ̀hún ku ọ̀sẹ̀ méjì, èmi á fi òdo kékeré méjì sí i. Bí gbogbo rẹ̀ bá parí, wọn á ní kí n dìde kí n kà á sókè láti orí ẹni àkọ́kọ́ dórí ẹni ìkẹyìn, kí kálukú gbọ́ tirẹ̀, kó sì gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ìyá ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ kò yọ sílẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tí mo kà á pé tirẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ pa lọ́lọ́. Màmá náà dìde, ó tú ṣónṣó ìró rẹ̀, ó san gbèsè, ó san owó ìtanràn lé e, ó sì jókòó. Ẹnikẹ́ni kò yìn ín. Wọ́n ní kí n máa kà á lọ.

Nínú ìwé yẹn ni mo ti kọ́kọ́ rí ohun tí ẹ̀yin ọmọ òde òní ń pè ní ìjọba tiwantiwa.

Ọ̀rọ̀ owó-orí ló mú wọn jáde kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá yòókù, ọkùnrin ló ń san owó-orí. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá tiwa, láti nǹkan bí ọdún 1918 tí ọ̀rọ̀ náà dá ogun Adúbí sílẹ̀, obìnrin ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀, ọmọbìnrin tó bá sì ti pé ọdún 15 ti tó ẹni tí wọ́n ń dá dúró lọ́nà. Ta ló wá mọ ọjọ́ orí ọmọ nígbà náà? Ọdún tí eéṣú jẹ oko, ọdún tí odò Ògùn kún bo afárá, bí àwọn ìyá wa ti ń ka ọjọ́ orí wa nìyẹn. Àwọn agbowó-orí wá ní ọ̀nà tiwọn. Àbúrò ìyá mi kan, ọmọ tí kò tíì ju ọdún mẹ́tàlá lọ, ń bọ̀ láti odò tòun ti ìkòkò omi lórí, wọ́n dá a dúró, wọ́n ní ó ti tó san, ó ní òun kò tíì tó, wọ́n tú ìró rẹ̀ láàárín ọ̀nà láti wo ọmú rẹ̀. Kò sunkún. Ó ru omi náà délé, kò dà nù, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó wọ yàrá, ó sì di ọjọ́ kẹta kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Irú rẹ̀ pọ̀ káàkiri ìlú. Ìyẹn ni àwọn obìnrin ń rò lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń jù tọ́rọ́ sínú igbá.

Àfi bíi pé àwọn Ẹ̀gbá ti gbàgbé ìtàn ara wọn ni ìjọba Òyìnbó ṣe mú wọn. Ìlú tí Ẹ̀fúnróyè Tinúubú ti jẹ Ìyálóde, ẹni tó pèsè ohun ìjà fún àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá nígbà tí Dàhòmì wá bá wa jà ní 1864, òun náà ló wá di ìlú tí obìnrin kan ṣoṣo kò ní àga nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Gbogbo àṣẹ ni Òyìnbó kó lé Aláké, Ọba Adémọ́lá Kejì, nìkan lọ́wọ́, pé kí ọba dá ìlú ṣe. Ta ni a ó wá fẹjọ́ ọba sùn fún? Nígbà ogun Hitler, wọ́n tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà ní owó yẹpẹrẹ tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ sanwó rárá. Obìnrin á rin ìrìn oko tòun ti ọmọ lẹ́yìn, á dé ẹnu bodè, ẹrù á di ti ẹlòmíràn.

Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ti ní ẹgbẹ́ kan ní tirẹ̀ tipẹ́, òun àti àwọn obìnrin alákọ̀wé, ìyàwó olùkọ́, ìyàwó àlùfáà, wọ́n ń rán aṣọ, wọ́n ń kọ́ oúnjẹ sísè, ẹgbẹ́ dáadáa ni, ṣùgbọ́n àwọn aláró Ìtòkú kò bá a tan. Ní 1944 ni ọlọ́jà kan sọ pé òun náà fẹ́ mọ̀wé kà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọlọ́jà. Láti ibi ìwé kíkà ni àwọn ìyá alákọ̀wé ti wá gbọ́ ohun tí ojú àwọn ọlọ́jà ń rí ní bodè àti lọ́nà odò, ọ̀rọ̀ sì yí padà. Ní 1945 wọ́n gbé ti ìrẹsì dé inú ìwé ìròyìn, gbígbà náà sì dáwọ́ dúró. Nígbà tó di 1946, orúkọ ti yí padà, ó di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, ẹgbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa sì wà lára àwọn tó wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń san owó ẹgbẹ́ tó 20,000. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: àwọn tó ń san owó, kì í ṣe àwọn tó wá ya fọ́tò.

Mo fojú mi rí Ìyáàfin Ransome-Kútì, Ìyá Kútì tiwa. Obìnrin tó kàwé ní ìlú Òyìnbó, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju akọ̀wé ìjọba lọ, ó gbé gáùn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ró ìró, ó wé gèlè bíi ti ìyá mi, ó sì ní Yorùbá ni òun yóò máa sọ nípàdé. Bí Òyìnbó bá fẹ́ gbọ́, kó wá ògbufọ̀. Ohùn rẹ̀ kò dùn tó bí àwọn ènìyàn ti ń sọ ọ́ lóde òní. Ohùn líle ni, kì í pẹ́ bínú, ọmọ kì í ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá arúgbó kan bá dìde láti sọ̀rọ̀, á dákẹ́ fún un títí yóò fi sọ ọ́ tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó sọnù ni màmá náà mú bọ̀.

Ọjọ́ 29, oṣù Kọkànlá, ọdún 1947. Ìjọba kò gba àwọn obìnrin láàyè láti ṣe ìwọ́de, àwọn obìnrin ní ó dáa, àwọn ń lọ ṣe àpèjẹ ni. Ìyá mi mú mi lọ́wọ́, mo fi ìwé ẹgbẹ́ há abíyá, nítorí pé wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó wá lára wa àti ẹni tí kò wá. A gba Ìtòkú lọ sí Aké. N kò rí irú èrò bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì tíì rí i láti ìgbà náà: obìnrin láti Ìsàbò, láti Kútọ̀, láti Lafẹ́nwá, láti Ìbarà, láti àwọn oko tí ọ̀nà mọ́tò kò dé, onírẹsì, onígàrí, alátẹ, aláró, abiyamọ, arúgbó tó ń tẹ̀pá, wọ́n ju 10,000 lọ níwájú ààfin. Ilẹ̀ ṣú, wọ́n kò lọ. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n tan fìtílà, ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, wọ́n fi ìborùn wé àwa ọmọdé, ẹlẹ́kọ tà títí ẹ̀kọ fi tán, òórùn epo àkàrà àti ti ara àwọn ènìyàn gba gbogbo ojúde ọba. Orin ń lọ láti ìhà kan dé ìhà kejì. Àwọn orin náà, n kò ní kọ wọ́n síbí. Òmíràn nínú wọn, ìyá mi fi ọwọ́ dí mi létí. Wọ́n ti kọ́ àwọn obìnrin bí wọn yóò ṣe ṣe bí ọlọ́pàá bá yin tajútajú, olúkúlùkù ti rẹ aṣọ kan sínú omi, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lóru, ìyá ẹgbẹ́ wa ní kí n ka orúkọ. Mo dìde lórí ẹní, ojú mi kún fún oorun, mo kà á níwájú ilé ọba bí mo ti ń kà á ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n dáhùn.

Ohun tí wọ́n béèrè kò mọ sórí pé kí wọ́n má gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin. Wọ́n ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ Òyìnbó tó ń jèrè lára wa san owó-orí tiwọn, kí àṣẹ kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo, kí obìnrin wọ ìgbìmọ̀. Nínú oṣù Kejìlá wọ́n tún jáde. Nígbà tó di 1948, wọ́n dá owó-orí obìnrin dúró. Ní oṣù Keje ọdún yẹn ọba fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo, ní oṣù Kìíní 1949 ó kọ̀wé pé òun fi ipò sílẹ̀, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú ìlú. Ọba padà wálé ní ìparí 1950, ó sì wà lórí oyè títí ó fi wàjà ní 1962. Ìlú gbà á padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlú ń ṣe.

Bí mo bá dákẹ́ síbí, irọ́ ni mo pa fún yín.

Opó kan wà ní àdúgbò wa, aláró bíi tiwa, ẹ̀rù akódà bà á, ó ní ọmọ mẹ́ta láìní ọkọ, ó lọ san owó-orí rẹ̀ ní ìdákọ́ńkọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ ti ní kí ẹnikẹ́ni má san án. Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n lọ bá a nílé, wọ́n da aró rẹ̀ nù. Ìkòkò mẹ́rin. Aró ń ṣàn lọ sínú kòtò, ó mú gbogbo ilẹ̀ dúdú, obìnrin náà kúnlẹ̀ ó ń fi ọwọ́ gbá a bí ẹni pé ó lè kó o padà. Ìyá mi wà níbẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀ tèmi ti ìwé, mo sì fa ìlà kọjá lórí orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ti ní kí n ṣe. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ohun tó fà á, ẹgbẹ́ tó ń bi ẹni tó jẹ tọ́rọ́ kan léèrè.

Òmíràn tún wà. Àwọn obìnrin yìí kan náà, bí ọ̀kan nínú wọn bá dé ìpàdé tí ojú rẹ̀ wú nítorí pé ọkọ nà án, wọn á fi omi gbígbóná jó o, wọn á fún un lẹ́kọ mu, wọn á sì mú un padà sílé ọkọ kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn á ní kó lọ mú sùúrù. Wọ́n lè jókòó ti ọba títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọn kò lè sọ fún ọkùnrin kan ní Ìtòkú pé kó má na aya rẹ̀ mọ́.

Èyí tó kan èmi gan-an ni ti ọdún 1950. Òwò bàbá mi kò lọ déédéé mọ́, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ méjì kò sí. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, mo sì mọ̀wé ju àbúrò mi ọkùnrin lọ, olùkọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi lójú mi. Bàbá mi kò ní kí n kúrò. Ó ní kí ìyá mi yan ẹni tí yóò lọ. Ìyá mi ló yàn. Ìyá tó sùn sórí ilẹ̀ níwájú ààfin nítorí pé wọn kò ka obìnrin kún, òun ló sọ fún mi lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, tí mo ti wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tán, pé kí n bọ́ ọ, kí n wá bá òun po aró. Ó ní ilé ọkọ ni obìnrin ń lọ. Mo bọ́ ọ. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ó tún pè mí pé àwọn màmá ti dé, kí n wá kọ ìwé ẹgbẹ́. Mo wá, mo kọ ọ́. Ojú ewé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Yíǹkì rẹ̀ tàn ká níbi méjì, a kò lè ka orúkọ tó wà níbẹ̀ mọ́.

Ní oṣù Kìíní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, sọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, tọkùnrin tobìnrin. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo àwọn ọmọbìnrin tó ń kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́, aṣọ wọn tuntun. Mo ti di wúndíá nígbà náà, ọwọ́ mi náà ti dúdú dé ìgúnpá. Lẹ́yìn tí mo délé ọkọ ni mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ àwọn àgbà, ọkọ mi kò dí mi lọ́wọ́, Ọlọ́run bá mi san án fún un, ibẹ̀ ni mo ti rí ìwé tí mò ń kọ yìí gbà.

N kò bá ìyá mi jà lórí rẹ̀. A kàn dákẹ́ lé e ni. Ìyá Kútì kú ní oṣù Kẹrin 1978, ọdún kan ó lé lẹ́yìn tí àwọn sójà ya wọ ilé Fẹlá ọmọ rẹ̀ tí wọ́n sì ju ìyá náà láti ojú fèrèsé òkè. Ìyá mi da aṣọ bo ìkòkò aró lọ́jọ́ tí ìròyìn dé, kò ṣiṣẹ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, a jọ lọ dìbò yan ààrẹ. Ó ní kí n ka orúkọ àwọn tó ń díje fún òun. Mo kà á, wọ́n jẹ́ márùn-ún, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ó ní ṣé ó tán. Mo ní ó tán. A rìn díẹ̀ sí i, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé, ó ní: “Èmi ni mo ní kí o bọ́ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò sì fèsì.

Ọdún 1979 yẹn náà ni àwọn obìnrin Òkè-Ọya kọ́kọ́ dìbò nínú ìbò gbogbogbòò, nítorí pé 1976 ni wọ́n tó fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ ìdìbò. Àwa ti ṣáájú wọn, a sì rò pé a ti ṣáájú nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí la fi ṣe? Ìyá Kútì fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ kò fà á kalẹ̀ ní 1959, ó dá dúró, kò wọlé. Olóyè Wúràọlá Ẹ̀sán ti Ìbàdàn wọ ilé aṣòfin àgbà ní 1960, obìnrin àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Inú wa dùn, a ní wọn yóò máa pọ̀ sí i. Lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún ó lé mẹ́ta, nínú ìbò 2023, aṣòfin àgbà 109 ni wọ́n yàn, obìnrin mẹ́ta ló wà nínú wọn. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa, obìnrin ti jẹ igbákejì gómìnà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àga gómìnà fúnra rẹ̀, kò sí ìpínlẹ̀ kankan ní Nàìjíríà tó tíì dìbò gbé obìnrin sórí rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹta, 2022, mo jókòó ti rédíò mi. Wọ́n ní ilé aṣòfin ní Àbújá ti da àbá márùn-ún tó jẹ mọ́ ti obìnrin nù: àbá pé kí wọ́n ya àga sọ́tọ̀ fún obìnrin, àbá pé kí ọkọ tó jẹ́ àjèjì lè di ọmọ Nàìjíríà nípasẹ̀ aya rẹ̀ bí aya tó jẹ́ àjèjì ti ń dì í nípasẹ̀ ọkọ, àti àwọn yòókù. Mo ní kí ọmọ-ọmọ mi ṣí fóònù rẹ̀, mo rí àwọn obìnrin tó dúró sẹ́nu géètì ilé aṣòfin, pátákó lọ́wọ́ wọn, oòrùn ń pa wọ́n. Ọmọ dáadáa ni wọ́n. Mo sunkún fún wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó àwọn tó sùn sí Aké, orílẹ̀-èdè odindi sì ni tiwọn, ìlú kan ṣoṣo ni tiwa. Mo bi àwọn ọlọ́jà tó yí mi ká ní ọjọ́ kejì: ta ló gbọ́ nípa àbá wọ̀nyí? Kò sí. Ẹnikẹ́ni kò wá sọ fún wọn.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi. Alákọ̀wé àti ọlọ́jà ti pínyà. Wọ́n pè mí sí ìpàdé kan ní hòtẹ́ẹ̀lì ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, lórí ẹ̀tọ́ obìnrin, owó àwọn Òyìnbó tó ń ran ẹgbẹ́ ará ìlú lọ́wọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Agbẹjọ́rò ọ̀dọ́bìnrin kan sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tó wúlò ni, mo gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọlọ́jà tí wọ́n kó wá fi bọ́ọ̀sì jókòó sẹ́yìn, wọ́n ń mi orí. Màmá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fọwọ́ tọ́ mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n wí?” Wọ́n pín báàgì fún wa, wọ́n fún wa lówó ọkọ̀, a buwọ́ lùwé. Lẹ́yìn ọdún kan owó ìrànwọ́ tán, ọ́fíìsì náà tì. Kò sí tọ́rọ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lọ béèrè.

Àwọn ọlọ́jà ńkọ́? Bí ìbò bá ti ń bọ̀, wọ́n ti tò sábẹ́ ìbòrí, aṣọ ẹgbẹ́ kan náà ní ọrùn gbogbo wọn, wọ́n ń dúró de ìrẹsì, iyọ̀, àti owó tí wọ́n ń ki bọ ìwé. Dìbò kóo sebẹ̀. Ebi ń pa ènìyàn, n kò bú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tí mo mọ̀, ebi pa wọ́n náà, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tó bá bọ́ ẹgbẹ́ lóunjẹ ló ń pe orúkọ nínú ìwé rẹ̀. Lónìí, ẹgbẹ́ tí obìnrin ọgọ́rùn-ún wà nínú rẹ̀, bí ẹ bá bi wọ́n pé mélòó ló wà lápò, wọn á wo ojú ìyá ẹgbẹ́, ìyá ẹgbẹ́ á wo ojú olóṣèlú.

Àwọn ọmọ òní mọ nǹkan kan tí àwa kò mọ̀, mo gbọ́dọ̀ fún wọn. Obìnrin tí ọkọ nà, wọn kì í mú un padà mọ́. Òfin kan jáde ní 2015 tó de ìwà ipá nínú ilé, àwọn ìpínlẹ̀ sì ti ń sọ ọ́ di tiwọn, àwọn agbẹjọ́rò ọ̀dọ́bìnrin yìí náà sì wà tí wọ́n ń bá obìnrin lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá àti ilé-ẹjọ́ láìgba kọ́bọ̀. Mo mọ ọ̀kan tó gbé ọmọ kan láti àdúgbò wa kúrò lábẹ́ kùmọ̀. Bí irú rẹ̀ bá ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní 1947, bóyá àbúrò ìyá mi kì bá tí kú sílé ọkọ tó kú sí. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá, kí wọ́n wí i ní Yorùbá, kí wọ́n sì dá tọ́rọ́ tiwọn sínú igbá kan náà pẹ̀lú wa.

Díẹ̀ nínú wọn ti wá. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí tí obìnrin mọ́kàndínlógún ń pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀: aláró mẹ́fà, aránṣọ, olùkọ́, nọ́ọ̀sì kan, agbẹjọ́rò tí mo sọ yẹn, àwọn yòókù ọlọ́jà. Ẹgbẹ̀rún náírà ni à ń dá. Owó bébà kì í ró, nítorí náà a ṣe é lófin pé kí olúkúlùkù fi ẹnu ara rẹ̀ pe iye tó jù sínú igbá. Ẹni tó bá fi fóònù ránṣẹ́, òun náà á pè é. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló ń kọ ìwé.

Ọ̀kan nínú àwọn aláró náà, mo ti mọ ìdílé rẹ̀ kó tó mọ̀ mí. Ọmọ-ọmọ opó yẹn ni. Ó tó oṣù mẹ́fà kí n tó lè gbé ìwé àtijọ́ náà jáde níwájú rẹ̀. Mo ṣí i sí ojú ewé tó yẹ, mo fi ìka sí orúkọ ìyá bàbá rẹ̀ àti ìlà tó kọjá lórí rẹ̀, mo ní èmi ni mo fà á, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ti rí. Àwọn yòókù dákẹ́. Ó wo ìwé náà pẹ́.

“Ìkòkò mélòó ni, Ìyá?”

Mo ní mẹ́rin ni.

Ó mi orí. Igbá ti yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú dé ìgúnpá tú owó kúrò létí aṣọ, ó jù ú sínú igbá, ó sì pè é ketekete kí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè gbọ́: “Ẹgbẹ̀rún kan.” Ọmọ-ọmọ mi kọ ọ́ sílẹ̀.